Lẹ́tà Méjì Lójú Kọ̀ǹpútà Nọ́ọ̀sì Àtọ́kẹ́

Ní Challenge, nílùú Ìbàdàn, obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Nọ́ọ̀sì Àtọ́kẹ́. Ọmọ Ṣakí ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló sì gbé e wá sí Ìbàdàn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí rẹ̀ ò tóbi: yàrá mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, kànga kan lẹ́yìnkùlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1999, ọmọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ wáyé ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ń gbé oyún tiwọn wá bá a.

Ó ní ìwà kan tí àwọn agbẹ̀bí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máa ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Bí obìnrin bá bímọ tán, gbogbo agbẹ̀bí ló ń kọ orúkọ ìyá sílẹ̀, àti ọjọ́, àti aago, àti bí ọmọ ṣe wúwo tó. Àtọ́kẹ́ ní tirẹ̀ á fa ìlà kan kún un nísàlẹ̀, á kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ìyá nígbà tó fojú kan ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ náà ló ń kọ ọ́, ì báà jẹ́ àdúrà, ì báà jẹ́ èébú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àwọn kan tọrọ omi. Ìyá kan láti Olúyọ̀lé kò tilẹ̀ tíì wo ọmọ dáadáa tó fi ní, "Ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́." Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé, ìwé ńláńlá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Olúrótìmí, àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ló gbé kọ̀ǹpútà kan wá fún un. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé ń gbó o. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú èyí." Àtọ́kẹ́ fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ọdún kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tirẹ̀. Nígbà tó parí, ó kó àwọn ìwé náà sínú páálí, ó gbé wọn sí yàrá ẹ̀yìn. Ìgbà tó máa fi padà débẹ̀, ikán ti jẹ gbogbo rẹ̀ di erùpẹ̀. Kò bara jẹ́ púpọ̀. Ó ní ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ti tó òun.

Ohun méjì ni Olúrótìmí fi sínú kọ̀ǹpútà náà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ báyìí pé: "Ẹ kà á sí ilé oníyàrá méjì. Windows wà ní yàrá kan, ibẹ̀ ni iṣẹ́ yín wà. Linux wà ní yàrá kejì, èmi ni mo ni ìyẹn, òun ni mo fi ń kọ́ṣẹ́. Mẹ́gádì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, LILO lorúkọ ẹ̀. Bí ẹ bá ti tan kọ̀ǹpútà, á bi yín léèrè yàrá tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ tẹ 'win' fún un, á ṣílẹ̀kùn." Ó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ sórí bébà kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn tó lọ sí Kánádà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1999, àbúrò bàbá Àtọ́kẹ́ kú ní Ṣakí. Kí ó tó lọ síbi ìsìnkú, ó yọ wáyà kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, nítorí Nẹ́pà lè mú iná wá lójijì kó jó o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò ní Ṣakí. Nígbà tó dé tó tan kọ̀ǹpútà, ohun tó rí ò yé e. Ẹ̀rọ náà ké pẹ́ẹ́, ó kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì funfun sójú dúdú, ó ní kó tẹ F1. Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà L jáde ní kọ̀rọ̀ òkè. Lẹ́tà I tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan mọ́. Ó dúró títí tíì rẹ̀ fi tutù, lẹ́tà méjì yẹn náà ló ń wò ó lójú. Ó pa á, ó tún un tàn. LI. Ó pa á, ó tún un tàn. LI.

Ọjọ́ kẹta ọjọ́ náà ni Islamiat wọlé.

Olùkọ́ ni Islamiat, Apete ló ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí oyún ṣe gbà á láyè, Àtọ́kẹ́ sì tètè dì í mú.

"Dìde, dìde. Ta ló ní kó o kúnlẹ̀ pẹ̀lú ikùn báyìí?"

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló júwe ibí fún mi. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ gbẹ̀bí mi."

"Kí lorúkọ màmá ẹ?"

"Mùsílímátù, mà. Wọ́n ti kú. Oṣù mẹ́rin ni mo wà nígbà tí wọ́n kú." Islamiat jókòó, ó fọwọ́ lé ikùn. "Mà, mi ò gbọ́ ohùn ìyá mi rí. Fọ́tò wọn wà, aṣọ wọn kan wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó tẹnu wọn jáde, mi ò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi náà fẹ́ di ìyá ọlọ́mọ báyìí. Mo ní kí n wá béèrè."

Àtọ́kẹ́ gbìyànjú láti rántí Mùsílímátù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́ta obìnrin pọ̀ ju ohun tí orí kan lè gbà lọ. Ìwé tó lè sọ ọ́, ikán ti jẹ ẹ́. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹ́kù sí láyé yìí ni inú àpótí tó wà lórí tábìlì yẹn, àpótí náà sì ti yadi.

Kò purọ́ fún un. Ó mú un wọ ọ́fíìsì, ó tan kọ̀ǹpútà lójú rẹ̀, ó fi LI hàn án. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ wà nínú ibí yìí. Fún mi lọ́jọ́ díẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó háyà takisí, ó gbé kọ̀ǹpútà náà lé ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, ó di Dugbe. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Gbádérọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe lókè ilé ìtajà kan níbẹ̀. Gbádérọ̀ ki flọ́pì kan, ike pẹlẹbẹ tí wọ́n ń da iṣẹ́ kọ sí, bọ̀ ọ́, ó tẹ nǹkan, ó mirí, ó tún tẹ nǹkan mìíràn.

"Màmá, ó ní òun ò rí díìsìkì, ibi tó ń kó gbogbo iṣẹ́ yín pamọ́ sí. Ó jọ pé díìsìkì yìí ti kú. Ohun tí màá ṣe fún yín ni pé màá fọ̀ ọ́ mọ́ pátápátá, màá wá fi Windows tuntun sí i. Á máa ṣiṣẹ́ bíi tuntun."

"Tó o bá fọ̀ ọ́, ohun tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Á lọ ni, mà."

Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ bo orí kọ̀ǹpútà náà. "Ọmọ mi, ogún ọdún ó lé mọ́kànlá ni mo ti ń gbẹ̀bí. Bí a ò bá gbọ́ igbe ọmọ, a kì í torí ìyẹn sọ pé ọmọ ti kú. A máa kọ́kọ́ wo ibi tó há sí."

Gbádérọ̀ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì yọ flọ́pì rẹ̀. Olóòótọ́ èèyàn ni. "Màmá, kí n má tàn yín. Àwọn kọ̀ǹpútà olórí méjì yìí, èmi ò gbọ́ èdè wọn. Ọmọbìnrin kan wà ní Agbowó, Safiyyah lorúkọ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ làwọn ọmọ yunifásítì máa ń gbé irú eléyìí lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn fọ̀ ọ́ kí ẹ tó débẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni Àtọ́kẹ́ àti Islamiat jọ gun àtẹ̀gùn lọ sí ṣọ́ọ̀bù Safiyyah. Àtọ́kẹ́ ní kí Islamiat dúró sílé, ó kọ̀. Yàrá kótópó kan ni ṣọ́ọ̀bù náà, ó kọjú sí títì, ẹ̀rọ fọtokọ́pì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tú nífun wà káàkiri ilẹ̀. Safiyyah fúnra rẹ̀ ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Híjáàbù rẹ̀ gùn dé ìgbáròkó, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ sókè kó má baà máa fa wáyà. Ó kí wọn dáadáa, ó bu omi fún Islamiat. Ohun tó ya Àtọ́kẹ́ lẹ́nu ni pé kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà rárá. Ó jókòó, ó ní:

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi, mà. Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Ìbéèrè tí Àtọ́kẹ́ máa ń bi àwọn aláboyún náà nìyẹn. Ó yọ ìwé pẹlẹbẹ kan nínú báàgì rẹ̀. Bó ṣe máa ń kọ ìrọbí sílẹ̀ ní wákàtí dé wákàtí, bẹ́ẹ̀ náà ló ti ń kọ ti kọ̀ǹpútà yìí láti oṣù Kejì. Ó ki awò bọjú, ó ń kà á:

"Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejì, aago inú kọ̀ǹpútà fi ogún ìṣẹ́jú rẹ̀yìn. Mo tún un ṣe. Ọjọ́ kọkànlá, ó tún fi wákàtí méjì rẹ̀yìn. Mo tún un ṣe. Ọjọ́ kejìdínlógún, ó ní ọjọ́ tó kọjá la wà. Mo lọ sí Ṣakí ní oṣù Kẹta, mo yọ wáyà. Nígbà tí mo dé, ó ké lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí n tẹ F1. Lẹ́yìn náà, L àti I. Kò sí òórùn jíjó. Díìsìkì ń dún bó ṣe máa ń dún tẹ́lẹ̀, kò ha, kò kọ́."

Safiyyah ti gbàgbé láti pa ẹnu dé. "Màmá, ta ló kọ́ yín?"

"Ta ló kọ́ mi ní kí ni?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ti gboyè nínú ẹ̀ ń bọ̀ níbí, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kò ṣiṣẹ́. Ṣáà kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́ kí ẹ tó wọlé." Ó gba ìwé náà, ó tún un kà fúnra rẹ̀. "Lẹ́tà méjì pére, àbí? L àti I. Kò sí òmíràn lẹ́yìn wọn?"

"Méjì pére."

"Ẹ wò ó, mà. LILO tí ẹ rí yìí, orúkọ ara ẹ̀ ló máa ń pè bó bá ń jí. Kì í pè é lẹ́ẹ̀kan náà o. Ìgbésẹ̀ kan, lẹ́tà kan. Bó bá ti lajú, á kọ L. Bó bá ti rí ẹnì kejì ẹ̀ tó máa ràn án lọ́wọ́, tó fẹ́ gbé iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, á kọ I. Bí ẹnì kejì yẹn bá dáhùn, òun ló ń kọ L kejì. Bó bá wá rí àkọsílẹ̀ gbogbo yàrá tó wà nínú ilé, á kọ O. Tiyín kọ L, ó kọ I. Ó gbé iṣẹ́ lé èkejì lọ́wọ́, èkejì ò dáhùn."

"Orúkọ ara ẹ̀ ló ń pè?" Àtọ́kẹ́ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ibi tó bá dákẹ́ sí nínú orúkọ náà ló ń sọ ohun tó ṣe é."

Orí Àtọ́kẹ́ wú. Lẹ́tà méjì tó ti ń bú láti ọ̀sẹ̀ yìí wá, tó rò pé ẹ̀rọ náà kàn ń ṣe wérewère ni, ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹnìkan jókòó ní ìlú òkèèrè kan tí òun ò mọ̀, ó rò ó pé lọ́jọ́ kan nǹkan yìí máa há mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́, ẹni tí òun náà ò ní mọ̀ láéláé, ó sì fi àmì sílẹ̀ fún ẹni náà lójú ọ̀nà. Ó wo L àti I nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ Safiyyah bí ẹni tó gbọ́ tí odi sọ̀rọ̀.

"Kí ló wá fà á tí èkejì ò fi dáhùn?" Islamiat ló béèrè.

"Màmá ti sọ ọ́," ni Safiyyah wí. "Aago tó ń rẹ̀yìn. Ìrántí kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, kódà bí ẹ pa á, bí Nẹ́pà mú iná lọ. Ibẹ̀ ló ń tọ́jú aago sí. Ibẹ̀ náà ló ń tọ́jú bó ṣe ń ka díìsìkì ẹ̀ sí. Bátìrì kékeré kan ló ń bọ́ ìrántí yẹn. Bátìrì yẹn ló ti ń kú díẹ̀díẹ̀ láti oṣù Kejì, aago ló kọ́kọ́ fi hàn. Nígbà tí ẹ wá yọ wáyà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó kú tán. Kọ̀ǹpútà gbàgbé ohun gbogbo. Nígbà tí ẹ tẹ F1, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka díìsìkì bó ṣe wù ú."

Ó rí i lójú wọn pé kò tíì yé wọn, ó wá na ọwọ́ sí ojú fèrèsé. "Ẹ jẹ́ ká ní àdúgbò kan wà ní Bódìjà tí wọ́n ti ń ka ilé láti apá ọ̀tún. Ẹnìkan wá jí lọ́jọ́ kan, ó tún nọ́ńbà gbogbo ilé kọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ilé kankan ò wó. Ẹnikẹ́ni ò kó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń wá ilé kẹtàlá máa débẹ̀, kò ní bá ẹni tó ń wá."

"A jẹ́ pé àwọn orúkọ mi wà níbẹ̀," ni Àtọ́kẹ́ wí wẹ́rẹ́.

"Mo rò pé wọ́n wà níbẹ̀, mà. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n fọ̀ ọ́ ní Dugbe," ó mirí, kò parí ọ̀rọ̀ náà.

Ó tú ìdérí kọ̀ǹpútà. Ó fi ìka tọ́ka sí bátìrì náà lára pátákó aláwọ̀ ewé inú rẹ̀, ó rí pẹlẹbẹ, ó ń dán bíi kọ́bọ̀ àtijọ́. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré kan yọ ọ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ tẹ bọ́tìnnì báyìí ni fáànù òkè yí kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́, tó dúró. Nẹ́pà ti mú iná lọ. Gbogbo òpópónà hó yèè lẹ́ẹ̀kan náà.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi dúró. Safiyyah ra ẹ̀pà àti gúgúrú, wọ́n jọ ń jẹ ẹ́. Ó bi Àtọ́kẹ́ léèrè nípa ìrọbí, nítorí òun náà ti ṣègbéyàwó lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rù sì ń bà á. Àtọ́kẹ́ ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń yí orí, bó ṣe ń tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, tó ń wá ọ̀nà láàárín egungun tí ojú rẹ̀ ò rí. "Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ," ó ní. "Mo ti rí i ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ìgbà lọ, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu." Safiyyah gbọ́, ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí iná dé, Safiyyah sọ "Bísímílláì", ó tẹ bọ́tìnnì. Ó kọ́kọ́ wọ ojú ewé kan tó ní àwọ̀ búlúù. Ó tún ọjọ́ ṣe, ó tún aago ṣe. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ síbi tí orúkọ díìsìkì wà. Ọ̀nà mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà náà fi lé e lọ́wọ́ tó lè gbà kà á. Ó wo èyí tó wà níbẹ̀, ó ní, "Ẹ wò ó, kì í ṣe èyí ni wọ́n fi tò ó níbẹ̀rẹ̀." Ó yan òmíràn, ó ní kó fi pamọ́. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

L jáde. I tẹ̀lé e.

Islamiat di ọwọ́ Àtọ́kẹ́ mú.

L. O.

Mẹ́gádì ti pe orúkọ rẹ̀ tán, ó ń béèrè yàrá tí wọ́n fẹ́. Àtọ́kẹ́ kígbe "Yé!" débi pé ọmọ yunifásítì kan tó ń ṣe fọtokọ́pì lẹ́nu ọ̀nà yíjú padà. Ó fẹ́ na ọwọ́ tẹ "win", Safiyyah rọra dá a dúró.

"Ẹ forí jì mí, mà. Windows lè fẹ́ tún nǹkan ṣe fúnra ẹ̀ bó bá jí. Ẹ jẹ́ ká gba yàrá àbúrò yín wọlé. Láti ibẹ̀, mo lè ní kó jẹ́ kí n kàn wo tiyín lójú lásán, láì fọwọ́ kan nǹkan kan. Tá a bá ti rí i pé gbogbo nǹkan pé, màá kọ́kọ́ dà á kọ kí ẹnikẹ́ni tó wọbẹ̀."

Ó tẹ "linux". Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lójú kọ̀ǹpútà bí òjò àrọ̀ọ̀dá, ìlà lórí ìlà. Àtọ́kẹ́ ò wọ yàrá yìí rí láti ọdún tí Olúrótìmí ti lọ. Kò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń ka ẹ̀yà ara rẹ̀ báyìí bó bá ń jí: mo ní ojú, mo ní ọwọ́, mo ní ìrántí tó tó báyìí. Safiyyah ka ọ̀rọ̀ àṣírí lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tẹ ìlà kan, ó tún tẹ òmíràn. Orúkọ fáìlì tò wálẹ̀ gbọọrọ: 1968, 1969, 1970, títí dé 1999. Ọ̀kan ò dín.

Àtọ́kẹ́ jókòó.

"Ọdún wo, àbúrò mi?" ni Safiyyah bi Islamiat.

"1975. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni."

Safiyyah ṣí fáìlì náà, ó ní kó wá Mùsílímátù. Àkọ́kọ́ tó rí jẹ́ ti oṣù Karùn-ún, ọkùnrin ni ọmọ ìyẹn. Ó tún wá a. Ó dúró ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá, ọjọ́ Rú, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdájí. Obìnrin. Orí ló fi wá, igbe rẹ̀ le. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀, Islamiat sì ní bàbá òun nìyẹn. Safiyyah ti rí ìlà tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n kò kà á. Ó dìde kúrò lórí àga, ó fi àga náà sílẹ̀ fún Islamiat.

Islamiat jókòó. Ó kà á sínú lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ló kà á síta:

"Ẹ wo imú bàbá mi lójú ọmọ yìí! Mo ṣebí a ti sin ín."

Islamiat fọwọ́ kan imú ara rẹ̀, ó fi ìka tọ̀ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rín bú sí i lẹ́nu, omi sì dà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Wọ́n ń ṣàwàdà!" ó ní. "Mà, wọ́n ń ṣàwàdà. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ wọn fún mi, ńṣe ni wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi ti ẹni mímọ́. Wọ́n ní wọ́n dákẹ́, wọ́n ní wọ́n mọ ìrun kí, wọ́n ní wọ́n ní sùúrù. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé wọ́n máa ń pani lẹ́rìn-ín."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ṣí nínú Àtọ́kẹ́. Ó rí yàrá náà: àtùpà lórí wíńdò, òjò àìròtẹ́lẹ̀ lórí páànù, obìnrin pupa kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ti fi òru mọ́jú jẹ̀rora láìké. "Mo rántí ẹ̀," ó ní. "Olúwa mi, mo rántí ẹ̀! Gbogbo wa rẹ́rìn-ín débi pé òun náà rẹ́rìn-ín, bó ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ibi ọmọ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ láti ìgbà yẹn. Ó gbé ẹ sáyà, ó ń fi ìka wọn imú yẹn báyìí." Ó fi ìka ara rẹ̀ hàn án bó ṣe ṣe é.

Islamiat ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ló tọrọ àyè kó ka ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ti obìnrin tó bímọ lọ́jọ́ kejì, àti ti èyí tó tẹ̀ lé e. Ó ń kà wọ́n síta. Ìyá kan ní, "Ṣé ó pé?" Òmíràn ní, "Ẹ gbé e wá kí òtútù tó mú un." Òmíràn pe orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀, kò sọ nǹkan mìíràn. Ọmọ yunifásítì tó wá ṣe fọtokọ́pì ti wọlé wá, ó dúró lẹ́yìn wọn, ó mú bébà rẹ̀ dání. Ẹnikẹ́ni ò lé e. Safiyyah sọ̀kalẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbọ́. Gbogbo ohùn wọ̀nyí ló wà nínú irin tí kò tó bíríkì kan, ọ̀sẹ̀ méjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wọ́n di òfo nítorí bátìrì tí kò tó bọ́tìnnì kóòtù.

Kí wọ́n tó lọ, Safiyyah da gbogbo rẹ̀ kọ sórí flọ́pì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó ní kí Àtọ́kẹ́ tọ́jú ọ̀kan sílé, kó fi ìkejì ránṣẹ́ sí Ṣakí. Lẹ́yìn náà ló tó gbà kí Àtọ́kẹ́ tẹ "win", Windows sì jí wẹ́lo bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe rí. Safiyyah tẹ ojú ewé ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹwàá sórí bébà fún Islamiat. Islamiat ká a, ó fi sínú Kùránì kékeré tó wà nínú báàgì rẹ̀.

Takisí kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Nígbà tí Islamiat sọ̀kalẹ̀ ní Ṣàngó láti wá mọ́tò Apete, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò fún ìgbà díẹ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín. Àtọ́kẹ́ ní kó wá bá òun lọ́jọ́ Ajé kí òun wo ikùn rẹ̀. Takisí ṣí lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí títì ti bàjẹ́, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò nínú kòtò, Àtọ́kẹ́ sì fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Dẹ́rẹ́bà, jọ̀ọ́, rọra."

Dẹ́rẹ́bà wò ó nínú dígí. "Màmá, kí lẹ gbé lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ dì mú bẹ́ẹ̀?"

Àtọ́kẹ́ ronú sí i. "Èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta," ó ní.

Ọkùnrin náà tún wò ó nínú dígí, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dín eré kù, ó sì ń yẹ kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi dé Challenge.